Ẹ̀jẹ̀ Dídì àti Wíwú Ara: Ìbejì Ni Wọ́n

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ẹdẹ lọ sí Ilé-Ifẹ̀ yóò kọjá ní Ṣẹ̀kọnà. Àgbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àdá àti ọkọ́ kò sì jìnnà sí ọwọ́ wọn. Bí àgbẹ̀ kan bá ń ṣán oko lọ́wọ́, tí àdá yọ̀, tó sì bà á lójúgun, kì í pariwo lọ títí. Yóò bojú wo etí oko, yóò já ewé Akíntọ́lá, yóò rún un ní àtẹ́lẹwọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi máa jáde, yóò sì fún un sí ojú ọgbẹ́. Yóò fi èérún ewé náà dí i, yóò ya aṣọ gbéborùn, yóò dì í. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, iṣẹ́ yóò sì máa lọ.

Nígbà tí yóò bá fi di alẹ́, ojúgun náà á ti pọ́n, á ti wú, á gbóná, á sì máa ro ó. Ìyá àwọn ọmọ á gbé omi kaná. Bí ẹnikẹ́ni bá bi àgbẹ̀ náà léèrè ohun tó ṣe é, ohun méjì ni yóò kà sílẹ̀: àdá bu òun lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti dá, ìyẹn ti kọjá, ẹsẹ̀ wá wú, ìyẹn ni àwọn ń tọ́jú lọ́wọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí bú u, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ṣe pín ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́: orí kan fún ẹ̀jẹ̀ dídì, orí mìíràn tó jìnnà sí i fún wíwú ara. Inú ilé kan náà ni méjèèjì ti jáde. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n ní ọmọ ìyá, ìgbà tí ọ̀kan bá ṣìwà hù ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ewé tí àgbẹ̀ náà já fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Kì í ṣe ewé ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ọ̀rúndún ogún ló sì wọ Nàìjíríà, tó tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́, tó ń gba ilẹ̀ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Níbì kan, ewé Akíntọ́lá ni wọ́n ń pè é. Níbòmíràn, ewé Awólọ́wọ̀ ni. Ìjà àwọn àgbà méjì náà ti parí tipẹ́, àmọ́ ó kù lórí ewé kan ṣoṣo tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Àwọn olùwádìí ní Thailand àti ní Nàìjíríà ti yẹ omi ewé náà wò, wọ́n sì rí i pé lóòótọ́ ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Àtẹ́lẹwọ́ tó rún un ni kò mọ́. Nítorí náà, omi àti ọṣẹ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ kan ọgbẹ́ oko, àti abẹ́rẹ́ tí a fi ń dènà ipá.

Ó dára kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wò láti inú èdè kí ó tó di ti sáyẹ́ǹsì. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó péye fún ti ẹ̀jẹ̀, méjì ni wọ́n pàápàá. Ẹ̀jẹ̀ dá: ó ṣíwọ́ ìṣàn. Ẹ̀jẹ̀ dì: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tó fi ṣíwọ́. Epo pupa ń dì nígbà ọyẹ́, ẹ̀kọ ń dì nínú ewé, òun náà ni wọ́n fi sọ ti ẹ̀jẹ̀. Àkàwé epo kò fi gbogbo ara bá a mu, nítorí epo tó dì yóò yọ́ bí oòrùn bá là, òtútù ló sì dì í. Ẹ̀jẹ̀ kì í dì nítorí òtútù, kì í sì í yọ́ lójú oòrùn. Ẹ̀kọ ló sún mọ́ ọn jù: ògì tí iná ti yí padà kò tún lè padà di ògì. Ìyípadà ni, kì í ṣe títutù lásán.

Fún èkejì, Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ní: ó pọ́n, ó wú, ó gbóná, ó ń ro. Celsus, ará Róòmù tó kọ ìwé nípa ìṣègùn ní ọ̀rúndún kìíní, ka àwọn mẹ́rin náà sílẹ̀ ní èdè Látìn, kò fi ọ̀kan sí i, kò yọ ọ̀kan kúrò. Ohun tí ojú ará Róòmù rí lára ènìyàn ni ojú ará Ṣẹ̀kọnà náà rí. Àwọn kan tí ń kọ̀wé nípa ìlera ní èdè Yorùbá a máa kọ “wíwú” nìkan, ìyẹn kò sì tó. Ọmọ tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ lè wú, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń kọṣẹ́ lè wú lójú àti lẹ́sẹ̀, kò sì ní gbóná, kò ní pọ́n. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì, oògùn ọ̀kan ni a ó lọ fún èkejì. Nínú àròkọ yìí, “wíwú-gbóná” ni èyí tí àdá fà, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ èyí tí kò ní ooru nínú.

Kí òǹkàwé wá fojú inú wo ojúgun náà láti abẹ́ awọ. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó pé ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ohun gbogbo ń kọjá lára rẹ̀, kò sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Abẹ́ ìyọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àdá bá ya iṣan, tí abẹ́ náà hàn síta, àwọn wóró kéékèèké kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ platelet, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Wọn kò tó sẹ́ẹ̀lì gidi, wọn kò ní kókó nínú, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, nǹkan bí 150,000 sí 450,000 ni wọ́n. Wọ́n á gun ara wọn lórí, wọ́n á dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn èròjà inú omi ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe tí wọ́n ń sùn lọ bí ẹni tí kò níṣẹ́, á jí. Ọ̀kan á jí èkejì, èkejì á jí ẹ̀kẹta, bí ará agboolé tó ń kan ilẹ̀kùn ara wọn lóru, títí á fi kan èyí tí wọ́n ń pè ní thrombin. Thrombin ló ń gé èròjà kan wẹ́wẹ́ di okùn tín-ín-rín, okùn náà á hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n, á mú àwọn platelet náà, á sì di gbọningbọnin. Ẹ̀jẹ̀ ti dì nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìwé àtijọ́ máa ń parí sí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ thrombin kò tíì parí. Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, rí i pé lára àwọn platelet àti lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan, ohun kan wà tó dà bí àgádágodo, thrombin gan-an sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ohun kan náà tó ń hun okùn ló ń lọ kan ilẹ̀kùn, tó ń sọ pé ewu ti wọlé. Bí ilẹ̀kùn náà bá ti ṣí, inú iṣan tó ń yọ̀ tẹ́lẹ̀ á gbé ìkọ́ jáde, ìkọ́ náà á máa kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ṣàn kọjá. Àwọn platelet pẹ̀lú á tú ohun tó wà nínú àpò wọn síta, èyí tó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun. Iṣan tó kù lágbègbè náà á gbòòrò kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ níbẹ̀: ó pọ́n, ó gbóná. Á máa jo díẹ̀díẹ̀, omi á yọ sí àárín ẹran: ó wú. Àwọn ohun tí wọ́n tú síta á ta iṣan ìmọ̀lára lólobó: ó ń ro. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin àgbẹ̀ ti pé, ẹ̀jẹ̀ tó dì ló sì ránṣẹ́ pe púpọ̀ nínú wọn.

Ẹdẹ, ìlú tí Ṣẹ̀kọnà rọ̀ mọ́, ìlú ológun ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn sọ pé Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fàiná, ni Aláàfin rán láti wá máa ṣọ́ ọ̀nà. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé nígbà tí ọ̀tá bá dé, ohun méjì ni wọ́n ń ṣe pọ̀: wọ́n ń ti ibodè, wọ́n sì ń lu ìlù ogun. Ibodè títì láìlu ìlù, ọ̀tá tó ti wọlé á wà nínú ilé. Ìlù lílù láìti ibodè, àwọn ìyókù á máa wọlé. Ara kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èyí lọ́dọ̀ ìlú.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé láìsí ọgbẹ́ kankan, wíwú-gbóná á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, òun ni yóò sì ké sí ẹ̀jẹ̀ kó dì. Àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì funfun á gbé èròjà tó ń jí gbogbo àwọn asùn-ún-lọ inú omi ẹ̀jẹ̀ síta lára wọn. Àwọn mìíràn ń ṣe ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu nígbà tí wọ́n rí i ní Berlin, ní Jámánì, tí wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 2004: sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ́, á da ìfun ara rẹ̀ síta bí apẹja ṣe ń da àwọ̀n, okùn inú kókó rẹ̀ á nà, á mú kòkòrò. Àwọ̀n yìí kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí platelet. Ó ń mú méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ á sì dì sí ara rẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ méjì ní Munich fún ìbáṣepọ̀ yìí ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn, wọ́n sì ṣàlàyé pé kì í ṣe àṣìṣe ara, ọ̀nà ìgbèjà ni: kí ẹ̀jẹ̀ dì yí kòkòrò ká, kí ó má baà rìn jìnnà.

Yorùbá gbà pé Táyéwò ló ń kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé sì ni àgbà. Nínú ọgbẹ́ àdá, ẹ̀jẹ̀ dídì ló kọ́kọ́ jáde, wíwú-gbóná tẹ̀ lé e. Nínú àìsàn, wíwú-gbóná ló ń rán ẹ̀jẹ̀ dídì níṣẹ́. Ta ni àgbà nínú wọn, àwọn onímọ̀ kò yé jiyàn lé e lórí, ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè náà ni kò tọ̀nà.

Ẹ̀dá kan wà nínú òkun tí ń fi hàn pé wọ́n ti wà pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìrísí rẹ̀ dà bíi pátákò ẹṣin tó ní ìrù, akàn ni wọ́n sì fi ń pè é, bẹ́ẹ̀ aláǹtakùn àti àkeekèé ni ìbátan rẹ̀. Irú rẹ̀ ti wà láyé fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́rin mílíọ̀nù ọdún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ aró ni, kò ní platelet, kò sì ní ogunlọ́gọ̀ sẹ́ẹ̀lì funfun tí ènìyàn ní. Irú sẹ́ẹ̀lì kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo iṣẹ́ ṣe, ti títì ibodè àti ti lílu ìlù. Ní ọdún 1956, Frederik Bang, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé bí kòkòrò àrùn kan bá dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dá náà, ẹ̀jẹ̀ náà á dì pa, bí ẹ̀kọ. Ìyẹn di ohun èlò: ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dá yìí ni wọ́n fi ń yẹ oògùn abẹ́rẹ́ wò ní ilé iṣẹ́, kí wọ́n mọ̀ bóyá èérí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Àìmọye abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti wọ apá àwọn ọmọ lágbàáyé ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ ti ń lo èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣe báyìí.

Ohun tó ń so ní láti ní ohun tó ń tú. Nínú iṣan tó pé, bí thrombin bá ṣèèṣì gbá mọ́ ògiri, ìwà rẹ̀ á yí padà: dípò kó máa hun okùn, á lọ jí èròjà tí wọ́n ń pè ní protein C, èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́kun, tó sì ń tu àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun lójú. Ìjánu kan fún ẹṣin méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wíwú-gbóná bá gba gbogbo ara kan, bí ó ti ń rí nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ohun tó wà lára ògiri tó ń yí ìwà thrombin padà á bọ́ dànù, ìjánu á já. Ẹ̀jẹ̀ á máa dì káàkiri nínú àwọn iṣan wẹ́wẹ́, kíndìnrín á kọṣẹ́, ìka á máa dúdú, àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á sì tán nílẹ̀ débi pé ẹni náà á tún máa ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ rò pé bí a bá fún aláìsàn ní protein C láti òde, gbogbo rẹ̀ á tò. Wọ́n ṣe oògùn náà, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2001, owó rẹ̀ sì wọ́n bí ojú. Ní ọdún 2011 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà, nítorí ìwádìí mìíràn fi hàn pé kò dín ikú kù. Mímọ ọ̀nà ilé kò tíì jẹ́ wíwọ ilé.

Ibi tí àìmọ̀ ìbátan yìí ti ń ṣe ènìyàn ní jàǹbá jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni ẹsẹ̀ tó wú láìní ọgbẹ́. Obìnrin bímọ, ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, ẹsẹ̀ òsì nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í wú láti orókún sísàlẹ̀. Ó gbóná, ó le, ó ń ro ó bó bá tẹ ilẹ̀. Àwọn kan á ní ó tẹ oògùn. Àwọn tí kò gba ti oògùn gbọ́ á ní òtútù ìkúnlẹ̀ ni, wọn á gbé omi gbígbóná àti òrí wá, wọn á sì máa wọ́ ọ, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìfẹ́ ló wà nínú ọwọ́ tó ń wọ́ ọ, ewu sì ń bẹ níbẹ̀. Láti ìgbà oyún títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, ara obìnrin ń múra sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya á pa, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tètè dì ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè dì sínú iṣan ńlá ẹsẹ̀ níbi tí kò sí ọgbẹ́ kankan, ẹ̀jẹ̀ tó dì náà á sì pe wíwú-gbóná wá bó ti ń ṣe níbi ọgbẹ́. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Rudolf Virchow ní Jámánì ti fi hàn pé ìdì ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè já kúrò níbi tó wà, kó bá ẹ̀jẹ̀ rìn, kó sì lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọwọ́ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lè já a. Bí obìnrin náà bá wá ń mí gúlegúle lójijì, tí àyà ń gún un, àwọn ará ilé á ní ẹni tó fi oògùn sílẹ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń ro, láìsí ọgbẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni ibi tó yẹ kó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Oògùn tó ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ máa dì sí i wà, ó sì ti pẹ́ láyé.

Ọdún 2020 ló jẹ́ kí gbogbo ayé rí ìbejì yìí lẹ́ẹ̀kan. Àrùn kòrónà dé Nàìjíríà ní ìparí oṣù kejì ọdún náà, nígbà tó sì di ìparí oṣù kẹta, Ẹ̀jìgbò tí kò jìnnà sí Ẹdẹ wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn nítorí àwọn tó ti Ivory Coast dé síbẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn dókítà ní ìlú òkèèrè la òkú, wọ́n bá ìdì ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì bá àwọ̀n sẹ́ẹ̀lì funfun nínú ìdì náà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé dexamethasone, oògùn àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú tó ń pa wíwú-gbóná, ń dín ikú kù láàárín àwọn tó nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Èyí kò sọ ọ́ di oògùn ọ̀fìnkìn. Ìwádìí náà gan-an fi hàn pé kò ṣe àǹfààní fún àwọn tí kò nílò afẹ́fẹ́, síbẹ̀ àwọn kan ń rà á ní kẹ́míìsì bí ẹni ra kóró. Ẹni tó bá pa ìlù ogun lẹ́nu mọ́ nígbà tí ọ̀tá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé kò ran ìlú lọ́wọ́.

Gbogbo èyí sún mọ́ ilé jù lọ nínú àrùn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ru àmì rẹ̀, AS, nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n sì ṣírò pé wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn láti sọ pé òun ni àbíkú àtijọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ibà àti èéyi náà pa ọmọ léraléra nínú ilé kan, Málọmọ́ àti Dúrójayé tó sì wà nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ti àrùn kan ṣoṣo.

Láti ọdún 1910, nígbà tí James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì pupa tó tẹ̀ bíi dòjé, àlàyé tó rọrùn ló gbilẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ ń há sínú iṣan tóóró, ẹ̀jẹ̀ kò lè kọjá, egungun ń ro ọmọ. Bí igi tó dí odò. Àlàyé náà kì í ṣe irọ́, kò kàn tó ni. Bó bá jẹ́ híhá nìkan ni, kí ló dé tí àárẹ̀ ibà lásán fi ń gbé ìrora ńlá dìde? Sẹ́ẹ̀lì dòjé kì í pẹ́ kó tó fọ́, ohun pupa inú rẹ̀ á sì dà sínú omi ẹ̀jẹ̀, á máa bí ògiri iṣan nínú. Ògiri á gbé ìkọ́ jáde, sẹ́ẹ̀lì funfun á kọ́ mọ́ ọn, platelet á lẹ̀ mọ́ wọn, sẹ́ẹ̀lì dòjé á wá há sáàárín gbogbo wọn. Thrombin kì í sinmi nínú ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àní ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ kan fi ń ní àrùn rọpárọsẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́wàá, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dì sí ẹ̀dọ̀fóró àgbà tó ní in.

Oògùn hydroxyurea, tí ìwádìí ọdún 1995 fi hàn pé ó ń dín ìrora náà kù dé nǹkan bí ìdajì, fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Wọ́n lò ó kí irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún lè pọ̀ nínú ara, nítorí ìyẹn kì í tẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, àwọn tí sẹ́ẹ̀lì funfun wọn sì dín kù dáadáa wà lára àwọn tó jàǹfààní jù. Ní Kano àti Kaduna, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé ìwọ̀n díẹ̀ oògùn yìí kò yàtọ̀ sí ìwọ̀n tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ti dídènà kí rọpárọsẹ̀ bá ọmọ. Èyí ṣe pàtàkì fún ilé tí owó kò sí. Oògùn mìíràn, tí wọ́n ṣe láti dí ìkọ́ ara ògiri iṣan gan-an, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2019. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò rí àǹfààní tí wọ́n retí, Yúróòpù sì gba àṣẹ náà padà ní ọdún 2023.

Kò pọn dandan kí ẹni tó wà ní Ṣẹ̀kọnà wo Chicago kó tó rí olùwádìí. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, àwọn onímọ̀ ń wo bí orin tí àwọn ènìyàn ń rin ṣe ń pa kòkòrò ẹnu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n po mọ́ omi orin àtà kò tètè pàwọ̀ dà. Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti Isaacs-Sodeye tẹ̀ lé àmì yẹn, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1971 pé omi gbòǹgbò igi náà ń dá sẹ́ẹ̀lì dòjé padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní ọdún 1975 wọ́n kọ nípa lílò rẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Làkúrègbé àti eyín ríro ni àwọn àgbà ń fi gbòǹgbò yẹn wò tipẹ́, ìyẹn ni pé oògùn wíwú-gbóná ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sún mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó jọni lójú pé kò tíì di oògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn.

Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ni àrùn náà máa ń kọ́kọ́ fara hàn lára ọmọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì á wú, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á wú, á gbóná, ọmọ á sì máa ké bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní eyín ló ń hù, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n fún jù. Inú egungun wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti há, tí ìbejì ti ń ṣiṣẹ́. Kò yẹ kó tó dìgbà náà kí wọ́n tó mọ̀: ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ti tó fún àyẹ̀wò, bí ó bá tètè hàn, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn tó ń dènà kòkòrò àrùn láti oṣù kejì, kí ọwọ́ rẹ̀ tó wú lẹ́ẹ̀kan rárá.